Omi Ìyẹ̀fun Lábẹ́ Àtùpà

Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ kí Aymar káàbọ̀ sí abúlé àwọn Ìbíọlá. Ìbíọlá ń ti odò bọ̀, korobá omi lórí, nígbà tó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Alùpùpù rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ sì gbé páálí kan sókè orí, ó dì í mú bí ẹni di ọmọ ìkókó mú.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìbíọlá. Ó pa á mọ́ra títí, àmọ́ omi orí rẹ̀ ti ń dà sí i lọ́rùn.

"Ẹ kú ẹrẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Alùpùpù yín ń mumi."

"Jẹ́ kó máa mu ún. Irin ni, kò ní kú. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mi ò gbọdọ̀ jù sílẹ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni."

Ìbíọlá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó mà ṣe o, ọmọ tó dára báyìí, orí rẹ̀ ò pé. Ó sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó bá a fa alùpùpù dìde. Nígbà tí wọ́n fi dé àárín abúlé, ẹrẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ ò mọ èwo ni àlejò.

Ọmọ ìlú Atakpamé ni Aymar. Abúlé àwọn Ìbíọlá wà lẹ́yìn Akparé, níbi tí kànga ẹ̀rọ wọn ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́. Omi odò ni gbogbo ilé ń mu. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru á bá a dé. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú ló rán Aymar wá pẹ̀lú àtùpà tó ń fọ omi mọ́, wọ́n sì ní kí abúlé yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ìbíọlá, ọmọ Bàbárímisá, ló kàwé jù níbẹ̀. Ta ni wọn ì bá tún yàn?

Nǹkan náà kò le. Àwo irin kan ni, ó fẹ̀, kò jìn. Ó ní ọmọrí irin tó bò ó, àtùpà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ọmọrí náà. Oòrùn tó ń pa pátákó orí òrùlé ló ń fún un lágbára. Aymar jókòó ti Ìbíọlá, ó ń kọ́ ọ.

"Wàá kọ́kọ́ fi iyanrìn sẹ́ omi náà títí yóò fi mọ́ kedere. Wàá dà á sínú àwo, wàá dé ọmọrí, kó o tó tàn án. Má fi ojú wò ó láé. Ó ń jó ẹyinjú, ó ń jó awọ ara, o ò sì ní tètè mọ̀."

"Ṣé ó ń se omi náà ni?"

"Rárá. Tọ́ ọ wò, tútù ló ṣì wà. Ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ojú wa ò rí, ultraviolet ni àwọn tíṣà wa ń pè é lédè Faransé. Èyí tó ń tàn bí aró yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń bá jà. Ohun tí kálukú wọn fi ń bí irú tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yìí á wọlé lọ bà á jẹ́. Kòkòrò tí kò lè bímọ mọ́, tó bá dé inú èèyàn, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Á jẹ́ pé àgàn ló ń sọ wọ́n dà."

"Àgàn gan-an."

"Ìyẹn burú ju ikú lọ," ni Ìbíọlá wí, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Aymar gbé ojú le. "Ohun kan wà tí o ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í pa ohun tí kò bá rí. Bí omi bá ṣókùnkùn, bí ohunkóhun bá rú u, kòkòrò á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni sá sẹ́yìn ògiri. Àtùpà á tàn títí, asán ni."

Ìbíọlá ò gbàgbé. Odidi ọdún kan ló fi tọ́jú àtùpà náà, ọmọdé kankan ò sì dùbúlẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru lọ́dún náà.

Aymar ń wá yẹ àtùpà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àtùpà tí kò ṣàìsàn, ó ní dókítà tí kì í pa ọjọ́ jẹ. Àwọn ìyá tó ń ṣe epo nídìí ẹbu ń yínmú, wọ́n ní ojú kan ni ọmọkùnrin yìí ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ti àtùpà. Wọn ò purọ́. Ìbíọlá náà, bó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù, á sáré lọ bọ́jú.

Ọjọ́ kan tí Ìbíọlá wá ra batiri àtùpà ní ìlú ni Aymar mú un gba Kamina lọ, níbi tí àwọn irin tí àwọn Jámánì ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ ti ń jẹrà nínú koríko. Wọ́n jókòó sórí òkúta kan, ẹ̀pà bíbọ̀ wà láàárín wọn.

"Ìbí mi," ni Aymar wí, "mo fẹ́ kó o di ìyàwó mi. Bí o bá ní o ò fẹ́, màá ṣì máa wá tọ́jú àtùpà. Ṣùgbọ́n màá máa sunkún bí mo bá ń lọ sílé."

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ yín." Ó ti ẹ̀pà sún mọ́ ọn. "Mo fẹ́ ẹ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Ayọ̀ bo Aymar débi pé ó jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú èèpo.

Ilé ni ọ̀rọ̀ wá kù sí. Ilé ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ Aymar dàgbà, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bí. Brigitte, ìyá rẹ̀, gbọ́ pé ilé Bàbárímisá ṣì ń bọ òrìṣà ìdílé wọn, ó ká ọwọ́ lérí.

"Aymar, gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní Atakpamé tán lójú ẹ? Inú igbó lo ti lọ rí ìyàwó?"

Léon, bàbá rẹ̀, ló gbèjà rẹ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Léon, ọkùnrin tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. "Brigitte, mo ti wa mọ́tò láti Lomé dé Dapaong. Kò sí ilé tí mi ò mu omi wọn, ilé abọ̀rìṣà, ilé ìmàle, ilé pásítọ̀. Omi ni gbogbo wọn bù fún mi. Ọmọ yìí ti rí ẹni tó wù ú. Èmi á lọ bá a kan ilẹ̀kùn, kí n tọrọ ọmọ wọn."

Ìdí nìyẹn tí Ìbíọlá fi fẹ́ràn bàbá náà kó tó di àna rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé bí kò bá sí Léon, kò sí ìgbéyàwó.

Ní ilé tirẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń ṣètò ohun gbogbo. Àpọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà náà, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Inú rẹ̀ dùn sí Aymar, síbẹ̀ ẹ̀rù àwọn ará ìlú ń bà á. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn, ó pe Aymar jókòó.

"Ọmọ mi, màmá rẹ, ṣé yóò lè mu omi wa?"

"Yóò mu ún, Ìyá àgbà. Àtùpà wà."

"Ṣé omi odò nìkan ni nǹkan yìí lè fọ̀?"

Aymar wo Ìbíọlá, ó ṣẹ́jú sí i. Ó fẹ́ kí ọkàn ìyá àgbà balẹ̀, ó sì fẹ́ kó fẹ́ràn òun. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá gbé síbẹ̀, á mọ́ tónítóní ni."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́, ó ní àṣé ọkọ ọmọ òun gbọ́n tó báyìí. Ìbíọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn ni, ẹ̀rín sì pọ̀ nílẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa lọ́dọ̀ yìí. Àlejò pàtàkì kì í mu omi lásán. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni à ń pò mọ́ omi fún un, kí ọ̀nà rẹ̀ funfun, kí ọ̀rọ̀ tó bá wá funfun. Ní ilé Bàbárímisá, omi tó ti sùn mọ́jú nínú ìkòkò kò sì gbọdọ̀ kí àna. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbọdọ̀ pọn ọ́n. Ẹni tó ni ilé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, àwọn òbí ọkọ yóò mu, àmọ́ ọkọ fúnra rẹ̀ kò ní fẹnu kàn án. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá fa ìyàwó lé e lọ́wọ́ kó tó mu tirẹ̀, ìyàwó ni yóò sì bù ú fún un.

Nígbà tí ọjọ́ pé, inú yàrá ni Ìbíọlá wà. Ọmọbìnrin tí wọ́n wá tọrọ kì í jáde àyàfi bí wọ́n bá pè é. Ó gbé etí ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ẹ̀rín Léon. Ó gbọ́ tí Ìyá àgbà ń wí fáwọn àlejò pé, "Ẹ má fòyà o, omi yìí ti rí àtùpà." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bàbárímisá fẹnu kan igbá. Léon gbà á, ó mu tirẹ̀ tán. Ó kan Brigitte. Brigitte gbé igbá náà dé ètè, ó dúró. Ojú gbogbo ilé wà lára rẹ̀. Bí àlejò bá da irú omi bẹ́ẹ̀ padà, ó ti sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ wọn nìyẹn.

"Ẹ má bínú," ni Léon wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi yìí, èébì máa ń gbé e nínú mọ́tò, kì í fẹ́ kí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ọkàn kan náà ni èmi àti òun, ẹ jẹ́ kí n bá a mu ún." Ó gba igbá lọ́wọ́ aya rẹ̀, ó gbé e mì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n rí i pé ó tán. Ilé hó yèè. Wọ́n pe Ìbíọlá jáde, Léon sì pè é ní ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó kù, nítorí kò dùn lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ àti èébì gbé Léon ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, ìgbẹ́ náà ò dúró. Ìbíọlá sáré lọ sí Atakpamé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò jẹ, kò mu. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Léon ti kú.

Àwọn dókítà ní kòkòrò inú omi ni. Àwọn ẹbí kan ń sọ̀rọ̀ májèlé lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Brigitte pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "Bàbá ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ṣojú mi. Ẹ má ru ẹ̀ṣẹ̀." Inú rírun díẹ̀ ni Bàbárímisá fi gba tirẹ̀, ó ti mu odò yẹn láti kékeré. Ẹgbẹ́ tó rán Aymar níṣẹ́ ní ó dà bíi pé àtùpà náà ti kú. Aymar gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí wọ́n gbá lórí, ó ń sọ pé àtùpà tí òun fi ọwọ́ ara òun gbé kalẹ̀ ló pa bàbá òun.

Ìbíọlá padà sí abúlé. Kò tíì dé ìdí àtùpà láti ọjọ́ ìtọrọ, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan náà. Ó dé ọmọrí mọ́ àwo náà lófìfo, ó tan iná. Ìmọ́lẹ̀ aró yọ létí ọmọrí, kò dín, kò kù. Ó pa á, ó ṣí i. Nínú àwo náà, létí létí, nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ irin. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni.

Ó bá ìyá àgbà nídìí ààrò.

"Ìyá àgbà, omi ìyẹ̀fun tí àwọn àna mu, ṣé ẹ ti tan àtùpà sí omi náà kẹ́ ẹ tó po ìyẹ̀fun mọ́ ọn?"

"Rárá o. Èmi fúnra mi ni mo tẹ ọ̀pá lọ sódò láàárọ̀. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ ọn, mo wá tan àtùpà sí gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí mo ṣe máa ń rí ọ tó o ń ṣe é. Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ti lọ ìyẹ̀fun yẹn, ta ló mọ ọwọ́ tó ti kàn án? Mo ní ìdọ̀tí kankan ò ní dé ẹnu àna mi. Ọkọ rẹ ló ṣáà sọ pé ohun yòówù tí mo bá gbé síbẹ̀, á mọ́." Ó gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Kò sí, Ìyá àgbà. Mo kàn ń béèrè ni."

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó sílẹ̀. Bó bá dákẹ́, Aymar á máa gbé ayé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé iṣẹ́ òun ló pa bàbá òun. Bó bá sọ ọ́, ìyá àgbà rẹ̀ á di apànìyàn lẹ́nu ayé. Ọ̀nà kan ò sì sí nínú méjèèjì tí kò lè gba ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Kamina ló ti sọ ọ́ fún Aymar, lórí òkúta wọn. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Àtùpà rẹ ò kú, Aymar. Funfun ìyẹ̀fun ló dí i lójú."

Aymar dìde. Ìbínú gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Ta ló sọ fún Ìyá àgbà pé èèyàn lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀? Ta ló sọ fún un pé..."

Ìbíọlá ń wò ó, omijé ń ṣàn. Aymar jókòó sínú koríko.

"Èmi ni," ló wí.

"Èmi náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n di ara wọn mú níbẹ̀, wọ́n sunkún Léon, wọ́n sì sunkún ara wọn, nítorí àwọn méjèèjì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ Ìyá àgbà," ni Aymar wí nígbà tí wọ́n dìde. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Èmi ni màá rù ú." Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó sọ nílé àti níbi iṣẹ́ pé òun ni òun ò kọ́ àwọn èèyàn bó ṣe yẹ, kò darúkọ ẹlòmíì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbíọlá lọ kí Brigitte. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Ẹ kú àràfẹ́rakù."

Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Brigitte ò bú u. Ó ní kó dìde, ó jókòó tì í.

"Ọmọ mi, èmi ló yẹ kí n mu igbá yẹn. Mo ń ṣe fújà, ó bá mi mu ún kí ojú má baà tì mí. Títí mo fi máa kú, mi ò ní gbàgbé. Mi ò kórìíra rẹ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Aymar, ọmọ dáadáa sì ni ẹ́." Ó nu imú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Bí o bá wọ ilé yìí, lọ́jọ́ kan wàá bu omi fún mi. Ọwọ́ mi ò ní lè gbà á. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́kàn mi, kò ṣeé ṣe. Irú ìyá ọkọ wo nìyẹn? Irú ilé wo ni yóò jẹ́ fún ọ?"

Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé Ìbíọlá jáde ni, ì bá jà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń sunkún jà? Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ láàárín òun àti Aymar lẹ́yìn ìyẹn. Aymar ní òun lè kọ ìyá òun sílẹ̀. Ìbíọlá ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Aymar nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀. Aymar gba iṣẹ́ sí apá òkè, ní Dapaong, níbi tí wọ́n ń gbé àtùpà sí àwọn abúlé mìíràn, ó sì ń mú ìyá rẹ̀ lọ.

Ó wá dágbére. Ọ̀nà ti gbẹ lọ́tẹ̀ yìí, alùpùpù rẹ̀ ò ṣubú. Ó kí Bàbárímisá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà, ó bá Ìbíọlá lọ sídìí àtùpà, ó sì jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ìbí mi, bu omi fún mi."

"Omi wo?"

"Omi ọkọ."

Ìbíọlá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó mú korobá, ó lọ sódò, ó pọn omi tuntun. Ó fi iyanrìn sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́ bí ojú ọ̀run. Ó dà á sínú àwo, ó dé ọmọrí, ó tan iná, wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ dúró dè é. Nígbà tó tó, ó bù ú sínú igbá. Ìgbà náà ló tó bu ìyẹ̀fun lé e, ìyẹ̀fun tó ti yan nínú agbada, ó fi ọwọ́ rẹ̀ pò ó.

Ìyá àgbà ti rọra dé ẹ̀yìn wọn lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó ń wò.

"Kí ló dé tí o ò pò wọ́n pọ̀ kó o tó tan àtùpà sí i?"

Ọwọ́ Ìbíọlá dúró nínú igbá. Aymar ló gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá àgbà bó ṣe rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ kìíní.

"Ìyá àgbà, báyìí ló máa ń dùn jù lẹ́nu mi."

Ìyá àgbà wo Aymar, ó wo igbá, ó wo àtùpà tó wà lókè àwo, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ìbíọlá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún un gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Aymar gbà á. Ó mu ún, kò sinmi, kò ṣẹ́ ẹ kù. Ó dojú igbá délẹ̀, ẹ̀kán kan ò jáde.

"O ṣeun, ìyàwó mi," ló wí.

"Ó dàbọ̀, ọkọ mi."

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Akparé lọ. Ìbíọlá dúró títí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, ó padà wá, ó fọ igbá, ó nu àwo irin náà mọ́ létí létí. Ìyá àgbà ti wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà ò po omi ìyẹ̀fun fún àlejò kankan mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.